Èwo Ni Kẹ́hìndé?

Sikánà mẹ́ta, ẹ̀rọ tó ń gbé fọ́tò sínú kọ̀ǹpútà, ni Hájíà Zuweira ti dá padà láàárọ̀ ọjọ́ náà ní ṣọ́ọ̀bù Fatawu tó ń ta ẹ̀rọ, ní Okaishie nílùú Accra, ẹ̀sùn kan náà ló sì fi kan mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

“Ìlà tún wà láàárín fọ́tò mi,” ni ó wí. “Wò ó.”

Fatawu wo ojú kọ̀ǹpútà. Lóòótọ́, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan gba àárín àwòrán náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó ya àwọn ọmọbìnrin kékeré méjì tí wọ́n wọ aṣọ kan náà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ó ṣí ọmọrí ẹ̀rọ kẹrin, ó nu gíláàsì rẹ̀, ó pààrọ̀ wáyà.

“Hájíà, mepaakyɛw, ẹ jọ̀ọ́, tuntun ni gbogbo wọn. Wọ́n dáa paa. Àwọ̀ tí ojú èèyàn kò lè rí, wọ́n ń rí i.”

“Tí wọ́n bá ń rí àwọ̀, ta ló ní kí wọ́n máa fa ìlà?”

Kì í ṣe pé Zuweira fẹ́ràn wàhálà. Ó ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tẹ̀wé, tí wọ́n sì ń ṣe fótókọ́pì, ní Tudu. Sikánà tó dáa yóò wúlò fún un. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn ló lé e jáde láti òwúrọ̀ láìjẹun. Ilé iṣẹ́ tẹlifíṣàn kan ń bá àwọn èèyàn wá ẹbí wọn tó sọnù, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni wọn yóò gba fọ́tò kẹ́yìn. Wọ́n ní kí fọ́tò náà tóbi, kó mọ́, kí a sì fi bíró pupa yí ẹni tí a ń wá ká. Ibẹ̀ ni ìṣòro Zuweira wà. Kò mọ ẹni tí yóò yí ká.

Ó ti pé ọdún márùndínlọ́gọ́ta tí Kẹ́hìndé, ìkejì rẹ̀, ti sọnù. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni wọ́n nígbà tí ìjọba Ghana ní kí àwọn àlejò tí kò níwèé máa lọ, tí gbogbo Alata, bí wọ́n ti ń pe Yorùbá níbẹ̀, ń du ọkọ̀ ní Tudu. Ìyá wọn ní láàárín èrò ibẹ̀ ni ọwọ́ Kẹ́hìndé ti bọ́ lọ́wọ́ òun. Nígbà tí Zuweira dàgbà, ó padà láti Ògbómọ̀ṣọ́ wá sí Accra, ó sì gba ṣọ́ọ̀bù sí Tudu gan-an, bóyá ẹni tó sọnù yóò padà wá síbi tó ti sọnù. Ní ọjà Kantamanto, bó bá rí obìnrin tó jọ ọ́ díẹ̀, yóò tẹ̀ lé e títí yóò fi rí ojú rẹ̀. Àwọn ará ọjà ti fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi sú wọn.

Ìyá rẹ̀ kò bá a wá Kẹ́hìndé rí. Títí ó fi kú ní Ògbómọ̀ṣọ́, abọ́ ẹ̀wà méjì ló ń gbé kalẹ̀, aṣọ méjì ló ń rà. “Ìbejì kì í dá wà,” ni yóò wí. Ṣùgbọ́n bí Zuweira bá ní kí àwọn jọ lọ sí Accra lọ béèrè, yóò ní ẹsẹ̀ ń dun òun.

“Èwo ni ẹ̀yin níbẹ̀, Hájíà?” ni Fatawu béèrè.

“Ohun tí mo wá mọ̀ nìyẹn.”

Díẹ̀ ló rántí nípa ìgbà tí wọ́n ya fọ́tò náà. Ibà mú àwọn méjèèjì lọ́dún náà, wọ́n sì gbé òun nìkan lọ sílé àbúrò ìyá rẹ̀ títí ara fi yá. Ọjọ́ tó padà wálé ni wọ́n lọ ya fọ́tò. Ó ṣubú sí gọ́tà lọ́nà, orúnkún rẹ̀ bó, ìyá rẹ̀ sì ya gèlè tó wé, ó fi dì í. Onífọ́tò ní kó dúró lọ́tùn-ún. Nígbà tó yá, ó ní kó bọ́ sí òsì. Kò rántí ibi tí Kẹ́hìndé wà nígbà náà. Ìyá rẹ̀ ń sunkún. Zuweira rò pé nítorí gèlè náà ni.

“Èyí tó so aṣọ mọ́ orúnkún, èmi ni,” ni ó wí. “Ìkejì ni Kẹ́hìndé.”

Ṣùgbọ́n fọ́tò náà kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ó sì ti ṣá. Láti ìbàdí dé ilẹ̀, ojú lásán kò rí ju ìdọ̀tí lọ.

Fatawu yí fọ́tò náà dùbúlẹ̀ lórí gíláàsì. Ìlà náà dùbúlẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀.

“Hájíà, kì í ṣe ẹ̀rọ. Inú fọ́tò yín ni ìlà yìí wà.”

“Bóyá ó ká nígbà kan.”

Fatawu wo ẹ̀yìn rẹ̀. “Kò ká rárá, koraa.”

Zuweira kò gbọ́ mọ́. Aago mẹ́ta ti kọjá. “Jẹ́ kí ìlà wà níbẹ̀. Orúnkún ni kí o fi hàn mí, jọ̀ọ́.”

Fatawu ṣètò ẹ̀rọ náà kó lè ríran dé ibi tó lágbára jù. Iná inú rẹ̀ rọra ń wọ́ lọ, ó lọ́ra débi pé Zuweira di etí tábìlì mú. Nígbà tí àwòrán náà jáde, Fatawu sọ ẹsẹ̀ ọmọ tó wà lọ́tùn-ún di ńlá. Aṣọ wà lórí orúnkún òsì rẹ̀, ó ní kókó, etí rẹ̀ kan sì gùn ju èkejì lọ.

“Èmi nìyẹn!” Omijé bọ́ lójú Zuweira. Ó ní kí Fatawu tẹ fọ́tò náà jáde kíákíá. Ó fi bíró pupa yí ọmọ tó wà lósì ká. “Kẹ́hìndé mi rè é. Ẹ̀rọ yìí ni mo gbà.”

“Ẹ dúró díẹ̀ kí n fi ti Kẹ́hìndé hàn yín dáadáa,” ni Fatawu wí.

Ó sún àwòrán náà, ó kọjá ìlà àárín, ó sọ̀ kalẹ̀ dé orúnkún òsì ọmọ tí wọ́n ti yí ká, ó sì bá gèlè náà níbẹ̀, kókó kan náà, etí kan náà tó gùn ju èkejì lọ, lẹ́sẹ̀ ọmọ kan ṣoṣo tí onífọ́tò ní kó dúró lọ́tùn-ún, tó sì tún ní kó bọ́ sí òsì, nígbà tí ìyá rẹ̀ ń sunkún.