Okùn Ògúndèyí

Olójúkòkòrò ni Ògúndèyí ará Ẹdẹ, kò sì ka ẹ̀mí ọmọnìkejì sí. Nígbà tí àwọn òyìnbó ń la ọ̀nà rélùwéè gba Ẹdẹ, òun ni olùṣọ́ okùn níbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀tù fọ́ àpáta.

Igba ìgbọ̀nwọ́ ni okùn náà. Wọ́n á so orí kan mọ́ èèkàn lẹ́bàá ihò ẹ̀tù. Ògúndèyí á fa ìyókù le, á fi yí àpáta po, á máa da eérú sílẹ̀ bí ó ti ń lọ. Òkúta kì í dé ibi eérú. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni àwọn lébìrà ń sá sí.

Okùn òyìnbó yi. Ògúndèyí ń gé e díẹ̀díẹ̀, ó ń fi so ewúrẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ewúrẹ́ di mẹ́jọ, Sàídì, lébìrà kan tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéyàwó, wo ilẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, eérú yìí mà ń sún mọ́ àpáta."

"Okùn pé. Bí ẹ̀rù bá ń bà ọ́, lọ sá sábẹ́ ìró ìyàwó rẹ."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Sàídì náà rẹ́rìn-ín, ó dúró sẹ́yìn eérú. Òkúta bà á lórí, ó kú. Àwáwù ìyàwó rẹ̀ ti se oúnjẹ ẹni méjì sílẹ̀.

Afọlábí, ọ̀gá àwọn lébìrà, ní kí Ògúndèyí wọn okùn lójú gbogbo ènìyàn. Ògúndèyí ká ìka rẹ̀ mọ́wọ́ kí ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ lè kúrú, ó sì kà á kíákíá dé igba.

"Ẹ rí i? Okùn pé."

"Ó dáa. Ìwọ ni o máa dúró sí òpin okùn náà nígbà tí ẹ̀tù bá máa dún lọ́la."

Bí ó bá jẹ́wọ́, ẹ̀jẹ̀ Sàídì á wà lọ́rùn rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó lọ dúró sẹ́yìn eérú. Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Ẹ̀tù dún, òkúta sì rún egungun apá ọ̀tún rẹ̀, èyí tí ó wà níhà àtàǹpàkò, tí ń yí àtẹ́lẹwọ́ sókè sódò. Egungun náà jinná, ṣùgbọ́n ó wọ́. Àtẹ́lẹwọ́ Ògúndèyí kò kọjú sókè mọ́.

Kò lè di ọkọ́ mú. Ó pa ewúrẹ́ rẹ̀ jẹ tán, ó wá jókòó sẹ́bàá ọ̀nà, ó ń ṣagbe. Lọ́jọ́ kan, Àwáwù ń pín àkàrà sàráà Sàídì.

"Ẹ nawọ́ ọ̀tún."

Ó nà án. Àwáwù gbé àkàrà lé ẹ̀yìn ọwọ́ náà. Ó yí bọ́ sínú eruku.

"Àwáwù, jọ̀ọ́, fi sí òsì fún mi."

"Sàráà ọkọ mi kì í wọ ọwọ́ òsì. Mo ti fún yín. Ó pé."

Ẹ̀yin tí ẹ̀mí ènìyàn wà níkàáwọ́ yín, ẹ má ṣe gé ohun tí ń dáàbò bò ó, bí ó ti wù kí ó kéré tó. Ewúrẹ́ mẹ́jọ ni Ògúndèyí ní. Ọkọ kan ṣoṣo ni Àwáwù ní.