Àgúnmu Kútọ̀nù

Dókítà ní kí Cyriaque dín gààrí kù, kó máa jẹ ewé.

"Ṣé ewúrẹ́ ni mí ni?"

Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Gwladys, bá ní kó máa bu àgúnmu Kútọ̀nù sínú ẹ̀kọ. Agolo rẹ̀ ń dán, owó rẹ̀ ń dẹ́rù bani.

Cyriaque já ewé ara ọgbà ilé rẹ̀, ó sá a gbẹ, ó rọ́ ọ sápò, ó sì tà á fún alájàpá Kútọ̀nù. Níbi tó ti ń rọ́ ọ ni bọ́tìnì pupa ẹ̀wù rẹ̀ ti já sọnù.

Owó àpò ewé mẹ́ta ló fi ra agolo tuntun kan.

"Ara mi ti yá gágá! Ará Kútọ̀nù mà gbọ́n o!"

Láàárọ̀ yìí, ó ń fi ṣíbí họ ìsàlẹ̀ agolo. Nǹkan líle kan dún kò.

Ìdajì bọ́tìnì pupa.

Ìyá Gwladys wo ewúrẹ́ tó ń jẹ ìyókù ewé lára ọgbà.

"Bàbá Gwladys, òótọ́ lẹ sọ, ẹ kì í ṣe ewúrẹ́. Ewúrẹ́ kì í sanwó."