Kírímù àbí Lóṣọ̀n fún Ọmọ Mi

"Ìyá àgbà, kírímù àbí lóṣọ̀n?"

Ẹ̀ẹ̀mẹta rèé tí ọmọbìnrin tó ń tajà bi mí.

"Èwo ló dára?"

"Kírímù dára fún awọ tó gbẹ, lóṣọ̀n fúyẹ́. Ta ló fẹ́ lò ó?"

"Ọmọ mi obìnrin."

"Ṣé awọ rẹ̀ máa ń gbẹ?"

Inú ń bí mi. Ó ń bi mí léèrè bí ọlọ́pàá.

"Mi ò mọ̀."

"Háà! Ọmọ tẹ́ ẹ tọ́ dàgbà, ẹ ò mọ awọ rẹ̀?"

Lọ́la ló ń bọ̀.

Ọmọ ọjọ́ mẹ́sàn-án ni nígbà tí bàbá rẹ̀ gbé e sá lọ. Ogójì ọdún rèé.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ọwọ́ mi yìí ló fi òróró pa á lára.

Awọ rẹ̀ ò gbẹ nígbà yẹn.