Tata Tó Bà sí Àárín Àdúrà

Dúró ná! Gbé ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ sílẹ̀, kí o tẹ́tí. Àlọ́ mi fò pẹ̀rẹ́, ó bà lé Àkùkọ aláriwo lórí.

Ọ̀dá dá, kòkòrò tán nílẹ̀, ebi sì fẹ́ pa àwọn òròmọdìẹ. Àkùkọ kó gbogbo adìẹ jọ, wọ́n gbààwẹ̀, wọ́n ní kí Olúwa bọ́ àwọn. Wọn ò tíì ṣe àmín tán tí tata kan fi bà sáàárín wọn, gbìì! Irú rẹ̀ kò wáyé rí. Àkùkọ sá sẹ́yìn Àgbébọ̀, ìyàwó rẹ̀.

"Baálé mi," ni Àgbébọ̀ wí, "ṣé kì í ṣe oúnjẹ tí a tọrọ nìyí?"

"Dákẹ́ jàre! Oúnjẹ wo ló ní itan tó tó tèmi? Ọ̀tá ni! Ẹ dijú, kí ẹ máa gbe orin mi!"

Tata ńlá, padà sóko,
*Jan-jan-ìn-jan.*
Ọmọ wa kì í ṣe tìrẹ,
*Jan-jan-ìn-jan.*

Bí wọ́n ti dijú ni Pẹ́pẹ́yẹ ń kọjá lọ. Kò bèèrè nǹkan kan, ó gbé tata mì.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará," ló wí. "Àdúrà yín mà gbà!"

Àkùkọ lajú, ó gbọn ìyẹ́: "Ọ̀tá ti lọ! Ẹ ṣe àmín!" Àwọn òròmọdìẹ ò lè ṣe é, ebi ti gba ohùn lẹ́nu wọn.

Ibẹ̀ ni àlọ́ mi sùn sí. Olúwa ń dáhùn. Ìwọ tí ò ń fi ìbẹ̀rù lé ire rẹ lọ, jọ̀wọ́, lajú wò ó kí o tó bá a wí.