Bí Ohùn Oyèbámijí Ṣe Dé Ṣàró

Nílùú Ìgbájọ, nígbà tí fóònù alágbèéká kò tíì dé, bàbá kan wà tó ń jẹ́ Oyèbámijí. Kì í jalè, kì í purọ́, kò sì bá ará ilé jà. Àléébù kan ṣoṣo tó ní ni pé kò mọ bí wọ́n ṣe ń rẹ ohùn sílẹ̀. Bó bá kí èèyàn ní àárọ̀, adìyẹ àdúgbò a fò sókè. Bó bá ń gbàdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ ó rò pé Ọlọ́run ti di adití.

Ẹnu iṣẹ́ wáyàlẹ́ẹ̀sì ló ti fẹ̀yìntì. Ó ní rédíò àtijọ́ kan, irú èyí téèyàn ń sọ̀rọ̀ sí, tí ará ọ̀nà jíjìn a sì fèsì padà. Òun ló fi ń bá Jáyéọlá ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, Jáyéọlá tó lọ fẹ́yàwó ní Fírítáùn, nílẹ̀ Ṣàró, tó sì gbàgbé ọ̀nà ilé. Ṣùgbọ́n rédíò náà ti ń darúgbó. Bí Jáyéọlá bá gbọ́ ọ̀rọ̀ kan, mẹ́ta á ti bọ́ sínú òkun.

Lọ́jọ́ kan, Jáyéọlá ní, “Bámijí, Sátidé tó ń bọ̀ ni ìgbẹ̀yìn o. Ọmọ mi ń kó mi lọ sílé alájà láàárín ìlú. Onílé ò gbà kí wọ́n ta wáyà rédíò sórí òrùlé rẹ̀.” Oyèbámijí fi igbe dáhùn. Jáyéọlá kò gbọ́. Ó kàn ń béèrè pé, “Ṣé o wà níbẹ̀? Ṣé o wà níbẹ̀?” títí ó fi pa rédíò tirẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ náà, iyán Oyèbámijí tutù sínú àwo.

Ẹ wá wò ó, oògùn àìsàn yìí wà ní òdìkejì títì. Láńrewájú, ẹgbẹ́ rẹ̀, ní áńpílífáyà onígílóòbù, ẹ̀rọ ńlá tí ń fi agbára kún ohùn rédíò. Ṣùgbọ́n Láńrewájú kò ní rédíò kankan. Á kàn tan ẹ̀rọ náà fún àlejò, gílóòbù á pọ́n yòò, òun náà á sì wú bíi búrẹ́dì. Ìyàwó rẹ̀ ní iṣẹ́ kan ṣoṣo tí nǹkan náà ń ṣe nílé ni pé ológbò ń yáná lórí rẹ̀. Àwọn àgbà méjèèjì kò sì so ohun ìní wọn pọ̀ rí, torí kálukú ní tòun ni baba.

Oyèbámijí kọjá títì. “Láńrè, gbé páànù ológbò yẹn wá ní Sátidé.”

“Ṣé ò ń bẹ̀ mí ni?”

“Mò ń pè ọ́ ni.”

“Pè mí dáadáa.”

“Jọ̀ọ́, Láńrè. Jáyé ń lọ.”

Nígbà tó di Sátidé, wọ́n gbé ẹ̀rọ náà kọjá bí ẹni gbé ìyàwó tuntun. Wọ́n so ó mọ́ rédíò, wọ́n sì dúró kí gílóòbù gbóná.

“Ṣé ẹ̀wà lò ń sè ni?” ni Oyèbámijí wí.

“Ó ti gbóná. Ó yá, yí rédíò rẹ sílẹ̀. Díẹ̀ ni ẹ̀rọ mi ń fẹ́ lọ́wọ́ rẹ, òun ni yóò sọ ọ́ di púpọ̀.”

“Kí n rẹ ara mi sílẹ̀ fún ibùsùn ológbò?” Ló bá yí rédíò dé òpin, ó sì ké sínú máìkì bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó.

Ohùn Jáyéọlá dé. “Ta ló ń fi omi fọ ọ̀nà ọ̀fun níbẹ̀ yẹn? Mi ò gbọ́ nǹkan kan. Wọ́n ti gun òrùlé láti wá tú wáyà. Bámijí, bó bá jẹ́ ìwọ ni, ó dàbọ̀ o.”

Ìyàwó rẹ̀ yọjú láti ẹnu ọ̀nà. “Bàbá Àṣàbí, ṣé ẹ fẹ́ kó gbọ́ yín ni, àbí ẹ fẹ́ kó mọ̀ pé ẹ lágbára?”

Oyèbámijí yí rédíò wálẹ̀, ó tún yí i wálẹ̀, títí ó fi kù díẹ̀ kí rédíò náà kú. Ó wá sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ọmọ ń sùn lẹ́yìn rẹ̀.

“Jáyé. Èmi ni.”

Ohùn Jáyéọlá bú jáde láti inú rédíò.

“Bámijí! Àfi bíi pé o jókòó tì mí! Láti ilé ìwé lo ti ń pariwo sí mi létí, òní ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ohun tí ò ń sọ!”

Wọ́n sọ̀rọ̀ tẹ́rùn-tẹ́rùn, àwọn tó wà lórí òrùlé sì ní sùúrù fún wọn. Láńrewájú tó ní kí wọ́n yí rédíò sílẹ̀ náà já máìkì gbà, ayọ̀ pa á, ló bá lọgun. “Láńrè,” ni Jáyéọlá wí, “ìwọ náà rọra!” Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi dágbére fúnra wọn, ohùn náà sì lọ.

Oyèbámijí jẹ iyán alẹ́ ọjọ́ náà tán, ó sì béèrè fún òmíràn. Ẹ̀rọ náà kò padà sí òdìkejì títì mọ́. Láńrewájú ló ń wá bá a níbẹ̀ ní gbogbo Sátidé, kí wọ́n lè jọ wá ọ̀rẹ́ tuntun lórí rédíò. Ológbò náà kó tẹ̀ lé e. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì ìdágbére náà, Oyèbámijí kí àdúgbò ní jẹ́jẹ́, ni wọ́n bá sáré wá bi ìyàwó rẹ̀ pé irú àìsàn wo ló ń ṣe é.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ nìyí: bí o bá fẹ́ kí ọ̀rọ̀ rẹ dé ọ̀nà jíjìn, rẹ ara rẹ sílẹ̀ kí agbára ẹlòmíràn lè ráyè gbé ọ. Ẹni tó bá fẹ́ dá gbogbo rẹ̀ ké yóò ké títí, wọn ò sì ní mọ̀ ju pé ẹnì kan ń fọ ọ̀fun.