Òpó Kẹta Nínú Ihò Ìkọ́ṣẹ́

Ìwé-ẹ̀rí ló gbé wẹ́dà kan kúrò nílé. Orílẹ̀-èdè méjì ló pawọ́ pọ̀ dá ilé-ẹ̀kọ́ ìwakùsà náà sílẹ̀: ti ibí fi ilẹ̀ àti ilé sílẹ̀, ti òkè òkun kó ẹ̀rọ àti olùkọ́ wá. Ẹni tó bá yege níbẹ̀ á di fọ́mánù, ẹ̀mí àwọn tó bá ń wọ ihò á sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Wẹ́dà ò wá nǹkan mìíràn.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ní kí oníkálukú sọ ohun tó gbé e wá. Nígbà tó kan wẹ́dà, ó dìde, ó di ẹ̀yìn àga mú.

"Inú ihò oníhò ni ẹ̀gbọ́n mi kú sí. Òrùlé ti là láti àárọ̀. Gbogbo wọn rí i. Kò sẹ́ni tó lanu sọ fún ẹni tó ni iṣẹ́."

Ọ̀gá mi orí, ó ní kí wọ́n jọ ka òfin kìíní tí wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ sára ògiri. Wọ́n kà á bí ọmọ iléèwé: Ẹni tó bá rí ewu, kó kígbe "Dúró!", ì báà ṣe ẹni tó ni ihò ló ń ṣiṣẹ́.

Lẹ́yìn èyí ni àjèjì dé, olùkọ́ láti òkè òkun, arúgbó onírùngbọ̀n funfun, bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ ti gbó mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Ó ń fi iṣẹ́ hàn wọ́n, ọ̀gá ń túmọ̀. Gbólóhùn kan péré ló gbọ́ nínú èdè wọn. Bó bá ti parí nǹkan kan, á dúró, á wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, á ní, "Ṣé ọ̀rọ̀ wà?" Wọ́n á ní, "Rárá o, sà." Wọ́n bá sọ ọ́ ní Bàbá Ṣọ́rọ̀wà.

Wẹ́dà ló kọ́kọ́ fura. Lẹ́nu ihò ìkọ́ṣẹ́, pátákó kan wà. Ẹni tó bá ń wọlé á gbé àmì irin tirẹ̀ kọ́ ọ, á sì mú un bó bá jáde, kí wọ́n lè mọ ẹni tó kù sínú bí òrùlé bá wó. Bàbá Ṣọ́rọ̀wà ju tirẹ̀ sápò, ó wọlé.

"Ẹ ṣáà rí i?" wẹ́dà sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́.

"Ó gbàgbé ni," ni obìnrin kan tó ti fìgbà kan wa ọkọ̀ akẹ́rù dáhùn. Ìyá Tírélà ni wọ́n ń pè é.

"Ẹni tó wá kọ́ wa lófin ló wá gbàgbé òfin? Kò fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé òun wà nínú ihò ni."

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, bàbá ṣí akoto ààbò lórí lábẹ́ òrùlé, ó fi ń fẹ́ ara rẹ̀. Ó bojú wẹ̀yìn. Ṣé ọ̀rọ̀ wà? Rárá o, sà.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, lẹ́yìn tí iṣẹ́ parí, wẹ́dà ṣọ́ ọ dé inú ihò. Bàbá ń fi òòlù kan òrùlé díẹ̀díẹ̀, ó ń tẹ́tí. Òrùlé náà ń dún gooro, bí ohun tí wọ́n bá lù ní ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà.

"Nǹkan wà lókè yẹn," ó sọ fún Ìyá Tírélà lọ́jọ́ kejì. "Ohun tó bá wá nìyẹn. Wọ́n ní àwọn wá kọ́ni níṣẹ́, ilẹ̀ wa ni wọ́n ń wò."

"Wúrà ló ń dún gooro? Etí ẹ ti ń gbowó oṣù kó tó gbaṣẹ́." Ó rẹ́rìn-ín, àmọ́ òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ bàbá.

Nígbà tó ku ọ̀la kí wọ́n ṣe ìdánwò, gbogbo wọn wà nínú ihò. Bíríkìlà kan lára wọn bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó kẹta nínú àwọn òpó igi tó dúró lábẹ́ òrùlé, ó ń so okùn bàtà. Bàbá Ṣọ́rọ̀wà gbé òòlù, ó sọ ọ́ mọ́ ìdí òpó náà. Òpó yẹ̀. Eruku kankan ò jábọ́ látòkè. Bàbá wo ojú wọn, ó tún gbé òòlù sókè.

Ìyá Tírélà lanu. Wẹ́dà fàtẹ́lẹwọ́ bò ó lẹ́nu.

"Ṣé orí ẹ pé? Àgbà ni, àlejò sì ni. Ọ̀la nìdánwò!"

Obìnrin náà gbọn ọwọ́ rẹ̀ dànù. "Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́."

"Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Fi í sílẹ̀ fún mi."

Ó rìn lọ, ó fa bíríkìlà lápá bí ẹni ń ṣeré. Òòlù tún bà, òpó ṣubú gbì. Òrùlé ò mì.

"Ṣé ọ̀rọ̀ wà?" Ohùn bàbá lọ sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn.

"Rárá o, sà," wẹ́dà dáhùn fún gbogbo wọn.

Ọ̀fíìsì ọ̀gá ló gbà lọ tààrà. Ó rò ó látòkè délẹ̀: àmì irin, akoto, òòlù ìrọ̀lẹ́, òpó.

"Ọkùnrin yẹn ò wá fún ire, sà. Ojú mi ló ṣe."

"Kí lo wá sọ fún un?"

"Fún òun kẹ̀? Mo fọgbọ́n ṣe é ni, sà. Ìyá Tírélà ì bá pariwo, èmi ni mo bò ó lẹ́nu. Mo ní ẹ̀yin ló yẹ kí n wá fi tó létí."

Ọ̀gá dìde, ó ṣí ilẹ̀kùn yàrá kejì. Bàbá Ṣọ́rọ̀wà jókòó síbẹ̀, ó fọwọ́ lẹ́rán, àmì irin rẹ̀ wà lórí tábìlì níwájú rẹ̀.

"Má wulẹ̀ dúró dọ̀la," ni ọ̀gá wí, "irin ló gbé òrùlé yẹn, òpó igi ò gbé nǹkan kan, ìdánwò yín sì ti bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí bàbá ti ju àmì rẹ̀ sápò: 'Dúró!' nìkan la ní kó máa retí lẹ́nu yín, ìwọ lo sì fọwọ́ bo ẹnu kan ṣoṣo tó fẹ́ sọ ọ́."