Òṣìṣẹ́ Tí Àárẹ̀ Kì í Mú

Ẹnjiníà kan wà tí etí rẹ̀ wúwo sí ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn. Kì í ṣe adití o. Ó kàn gbà pé ohun tí òun bá ti ṣírò, ọ̀rọ̀ ti parí níbẹ̀ nìyẹn.

Ilé iṣẹ́ bisikíìtì kan ní kó bá àwọn wá bí iṣẹ́ yóò ṣe yá sí i. Ó pinnu láti kọ́kọ́ ṣe àfarawé ilé iṣẹ́ náà nínú kọ̀ǹpútà: bẹ́líìtì tó ń gbé bisikíìtì bọ̀, òṣìṣẹ́ tó ń tò ó sínú agolo, ẹ̀rọ tó ń tẹ ìdérí mọ́ ọn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ẹni tó fi iṣẹ́ agolo yìí rán an níléèwé, wà lára àwọn tó ń tò ó. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni Ẹnjiníà lọ dúró sí láàárọ̀ ọjọ́ kan láti wo iṣẹ́. Inú obìnrin náà dùn, ọwọ́ rẹ̀ kò sì balẹ̀ rárá, kí ojú má baà ti àbúrò rẹ̀ níwájú ọ̀gá ilé iṣẹ́. Ìyára yẹn ni Ẹnjiníà fún gbogbo òṣìṣẹ́ inú kọ̀ǹpútà, láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Àwọn wọ̀nyẹn kì í mumi, wọn kì í na ẹ̀yìn, wọn kì í tọ̀.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Àbúrò mi, má fi tàárọ̀ yẹn ṣe òṣùwọ̀n o. Nítorí tìẹ ni mo ṣe ń sáré. Gbogbo apá ló ń ro mí báyìí."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fọkàn balẹ̀. Mo ti gbé e wò lórí kọ̀ǹpútà, kò rẹ ẹnikẹ́ni."

"Ta ló máa rẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà? Ṣé wọ́n lápá ni?"

Ẹnjiníà gbé ìṣirò rẹ̀ fún ọ̀gá, ọ̀gá sì ní kí wọ́n mú bẹ́líìtì yára tó bẹ́ẹ̀. Bẹ́líìtì bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Àwọn òṣìṣẹ́ ráhùn, Ẹnjiníà ní ọ̀lẹ ni wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ni yóò bà. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ti rẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kò tètè yọ ọwọ́ lábẹ́ ìdérí, ẹ̀rọ sì gé ìka rẹ̀ méjì.

Nílé ìwòsàn, ọ̀gá ń jágbe mọ́ Ẹnjiníà. Obìnrin náà gbórí sókè lórí bẹ́ẹ̀dì. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má bínú sí i. Èmi ni mo yára jù lọ́jọ́ tó wá wò wá. Èmi ni mo ṣì í lọ́nà."

Kò sọ pé òun ti kìlọ̀. Ojú ti Ẹnjiníà débi pé ilẹ̀ ló ń wò.

"Wọ́n sọ fún mi, sà," ló wí. "Èmi ni mi ò gbọ́."

Wọ́n lé e lẹ́nu iṣẹ́, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ló dùn ún jù. Títí di òní, bó bá yọjú sílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀, obìnrin náà á yára ti ọwọ́ yẹn bọ abẹ́ aṣọ, kí ojú má baà ti àbúrò rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣírò iṣẹ́ àfọwọ́ṣe, ẹ gbọ́ o. Ẹran ara ni ẹni tí ẹ ń ṣírò, ó sì ní ẹnu. Bó bá ní ó ti rẹ òun, ẹ gbà á gbọ́. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀, ìka tó bá sì ti lọ kì í hù mọ́.